Mọ́tò tí ẹ fọwọ́ ara yín tò fún eré sísá: ṣé kí ABS dúró ni, àbí kí ẹ yọ ọ́?

Nínú gbogbo iyàn tí àwọn tó ń tún mọ́tò tò fún eré sísá máa ń jà ní Ilé-Ifẹ̀ níbí àti ní Iléṣà, ti ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí taya há (kó dẹ́kun yíyí) nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, ni kì í tán. Apá kan ní awakọ̀ tó bá mọṣẹ́ kò nílò ẹ̀rọ tí yóò máa bá a du bíréèkì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Apá kejì ní ẹni tó bá yọ ọ́, ikú ló ń wá. Ẹ jẹ́ ká tètè sọ èsì tiwa: ẹ fi ABS sílẹ̀ níbi tó wà, àfi tí ẹ bá ṣe tán láti fi nǹkan mìíràn rọ́pò gbogbo iṣẹ́ tó ń ṣe, pàápàá iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé ó ń ṣe rárá. Mọ́tò tí ABS rẹ̀ pé, ó dára. Mọ́tò tí ẹni tó mọ̀ ọ́n yọ ABS rẹ̀ tán pátápátá náà ṣeé sá. Èyí tí wọ́n yọ ní ààbọ̀, tí wọ́n kàn fa fíúùsì iná rẹ̀ jáde tàbí tí wọ́n so páìpù rẹ̀ pọ̀ lọ́nà tó bá wù wọ́n, òun ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ taya

Tí ẹ bá tẹ bíréèkì, taya kì í dúró lójijì. Ó kọ́kọ́ máa ń yí lọ́ra díẹ̀ ju bí mọ́tò fúnra rẹ̀ ṣe ń sáré lọ. Bí ìlọ́ra yẹn ṣe ń pọ̀ sí i ni taya ń di ọ̀dà mú sí i, títí yóò fi dé ìwọ̀n kan, nǹkan bí ìdá 10 sí 20 nínú 100 lórí títì tó gbẹ. Ibẹ̀ ni bíréèkì ti lágbára jù. Tó bá kọjá ibẹ̀, ìdìmú náà á bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, taya á sì há: kò yí mọ́, ó kàn ń wọ́ lọ lórí ọ̀dà ni. Taya tó há kì í tètè dúró. Èyí tó tún burú ju ìyẹn ni pé kì í gbọ́ ti sítíárìn. Ẹ lè yí sítíárìn dé òpin, mọ́tò á ṣì máa lọ síbi tó dojú kọ tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Mọ́tò tó ń sá kílómítà 100 ní wákàtí kan, tí ìdìmú taya rẹ̀ jẹ́ 0.9, nílò nǹkan bíi mítà 44 kó tó dúró. Tí taya bá há, tí ìdìmú sì wálẹ̀ sí 0.7, ó di mítà 56. Mítà 12 lè má jọ nǹkan bàbàrà lójú. Ṣùgbọ́n níbi tí mọ́tò àkọ́kọ́ ti dúró jẹ́ẹ́, èkejì ṣì ń sá nǹkan bíi kílómítà 47 ní wákàtí kan. Eré tó máa fi kọlu ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀ nìyẹn.

Ìnáwó tún wà níbẹ̀. Taya tó há fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì péré lórí ọ̀dà gbígbẹ á fá lójú kan, á pẹlẹbẹ níbẹ̀. Láti ìgbà náà lọ ni mọ́tò á máa gbọ̀n, taya ọ̀hún ò sì ní wúlò fún eré mọ́. Ẹni tó mọ iye tí wọ́n ń ta taya eré tuntun lóde òní á mọ̀ pé ABS lè san owó ara rẹ̀ padà lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Bí ABS ṣe ń ṣe é

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ taya kọ̀ọ̀kan ni sẹ́ńsọ̀ kékeré kan wà tó dojú kọ òrùka eléyín, tàbí bẹ́árìn tó ní mágínẹ́ẹ̀tì lára. Bí taya ṣe ń yí ni sẹ́ńsọ̀ náà ń ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà. Tí kọ̀ǹpútà bá rí i pé eré taya kan já wálẹ̀ lọ́nà tí odindi mọ́tò kò lè gbà já, ó mọ̀ pé taya ọ̀hún ti fẹ́ há. Á pa fáàfù tó ń gba ọ́ìlì bíréèkì wọlé sí taya náà dé. Tí ìyẹn kò bá tó, á ṣí fáàfù kejì kí agbára inú páìpù lè dínkù, pọ́ǹpù á sì dá ọ́ìlì náà padà sọ́dọ̀ mástà, ìyẹn ẹ̀rọ tí ẹsẹ̀ awakọ̀ fi ń ti ọ́ìlì bíréèkì sínú páìpù. Bí taya bá ti gbéra, á tún jẹ́ kí ọ́ìlì wọlé. Fáàfù méjì ló wà fún taya kọ̀ọ̀kan, mẹ́jọ lápapọ̀ nínú èyí tó ní ọ̀nà mẹ́rin. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, òun ló sì ń mú kí bíréèkì máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé nǹkan ti bàjẹ́, á gbẹ́sẹ̀ kúrò. Ẹ má gbẹ́sẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ẹ sì máa darí mọ́tò yín.

Nígbà tí ABS kò bá ṣe nǹkan kan, fáàfù ìwọlé a máa wà ní ṣíṣí, ti ìjáde a sì máa wà ní pípadé. Ìdí nìyí tí bíréèkì fi ń mú náà bí iná kò bá tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ABS. Ohun tí mẹkáníìkì ń rí nìyẹn tó fi ń sọ pé, "Ẹ má dà á láàmú, bíréèkì ń ṣiṣẹ́." Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n kò tíì sọ ọ́ tán.

Iṣẹ́ kejì tí kò hàn sójú

Bí mọ́tò bá ń dúró, ìwúwo rẹ̀ á rọ́ síwájú, ẹ̀yìn á sì fúyẹ́. Taya tó fúyẹ́ kò lè gba bíréèkì púpọ̀ kó má há. Tí taya iwájú bá kọ́kọ́ há, mọ́tò á lọ tààrà. Kò dára, ṣùgbọ́n ẹ ṣì ń wo ibi tí ẹ ń lọ. Tí ti ẹ̀yìn bá kọ́kọ́ há, ìdí mọ́tò á fẹ́ kọjá iwájú rẹ̀. Kí ẹ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ lẹ ó ti máa fi lọ. Nítorí náà ni gbogbo ẹni tó ń ṣe mọ́tò fi rí i dájú pé agbára bíréèkì tó ń lọ sẹ́yìn kéré sí ti iwájú.

Láyé àtijọ́, fáàfù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní proportioning valve ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ó wà lára mástà, tàbí lójú ọ̀nà páìpù ẹ̀yìn. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣe mọ́tò rí i pé ABS lè ṣe é dáadáa jù ú lọ, torí pé ó ń wo eré taya ẹ̀yìn mọ́ ti iwájú, ó sì ń dín ti ẹ̀yìn kù bó ṣe yẹ lójú ẹsẹ̀. EBD ni wọ́n ń pe èyí. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ní EBD, wọ́n yọ fáàfù àtijọ́ yẹn kúrò pátápátá. Kọ̀ǹpútà ABS náà ni EBD ń lò, àti fáàfù rẹ̀, àti sẹ́ńsọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá yọ ABS kúrò nínú irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ti yọ ohun kan ṣoṣo tó ń di taya ẹ̀yìn lọ́wọ́ kí ó má há.

Ọ̀rọ̀ yìí wá le sí i nínú mọ́tò eré, torí pé ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó ń tò ó máa ń ṣe ni pé kó tú àga ẹ̀yìn dànù, kó yọ taya àrọ́pò, kápẹ́ẹ̀tì àti gbogbo ẹrù bùútù. Ẹ gbé mọ́tò kílógíráàmù 1,000 yẹ̀ wò, tí 600 wà níwájú, 400 lẹ́yìn, tí taya iwájú sí tẹ̀yìn jẹ́ mítà 2.6, tí àárín ìwúwo rẹ̀ sì ga tó ìdajì mítà. Tó bá ń dúró ní ìwọ̀n 0.9 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, kílógíráàmù 173 á rọ́ síwájú. Èyí tó kù sórí taya ẹ̀yìn méjèèjì jẹ́ 227. Ẹ wá yọ kílógíráàmù 80 kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Tí ẹ bá tún ṣírò ó, ohun tó kù sórí taya ẹ̀yìn á di nǹkan bí 161. Ìdá 29 nínú 100 ti lọ, bẹ́ẹ̀ bíréèkì ẹ̀yìn kò yí padà. EBD á rí i, á sì dín in kù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Bí kò bá sí EBD, bíréèkì tó bá mọ́tò mu tẹ́lẹ̀ ti di bíréèkì tí yóò máa fi ìdí rẹ̀ ṣáájú.

Ẹ wo iná orí dáṣíbọ́ọ̀dù. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, tó bá jẹ́ iná ABS aláwọ̀ ìyeyè nìkan ló tàn, EBD ṣì lè máa ṣiṣẹ́. Tí iná pupa bíréèkì bá bá a tàn, tí ọ́ìlì sì pé, tí ẹ sì ti sọ bíréèkì ọwọ́ kalẹ̀, ẹ gbà pé EBD ti lọ. Fífa fíúùsì ABS láti "kàn wò ó bóyá mọ́tò á dára láìsí i" máa ń tan iná méjèèjì. Ohun tí ẹ ń dán wò nígbà náà kì í ṣe mọ́tò tí kò ní ABS. Mọ́tò tí bíréèkì ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní ìjánu ni.

Ẹ̀sùn tí wọ́n ń fi kan ABS

Wọ́n ní ó wúwo. ABS tí Bosch kọ́kọ́ gbé jáde ní 1978, nínú Mercedes-Benz S-Class, lé ní kílógíráàmù 6. Ti òde òní kò ju kílógíráàmù kan àti díẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí mọ́tò òun fúyẹ́, kó lọ wo bátìrì àti àga.

Wọ́n ní àwọn mọ́tò Formula 1 kò ní i. Òótọ́ ni, wọ́n fòfin dè é láti ìdíje ọdún 1994. Kì í ṣe torí pé ó ń fa mọ́tò sẹ́yìn ni wọ́n ṣe dè é. Wọ́n fẹ́ kí iṣẹ́ awakọ̀ máa hàn, kí ẹ̀rọ má bá a ṣe é ni. Nínú ìdíje GT3, ìyẹn ti àwọn mọ́tò eré tí wọ́n tò látara mọ́tò títì, níbi tí òfin ti gbà á láàyè, ABS wà nínú àwọn mọ́tò náà, àwọn awakọ̀ tí iṣẹ́ wọn nìyẹn sì ń gbára lé e ní gbogbo igun. Ẹni tó bá fẹ́ fi Formula 1 jiyàn gbọ́dọ̀ rántí pé awakọ̀ ibẹ̀ ní mọ́tò tó lè pààrọ̀ ìpín bíréèkì iwájú àti ẹ̀yìn láti orí sítíárìn, ó sì ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Ẹ̀sùn mẹ́ta kan wà tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ọ̀kan ni pé ABS àtijọ́ lọ́ra. Èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò ọdún 1990 sí 1999 ń tú bíréèkì sílẹ̀ púpọ̀ jù, ó sì ń pẹ́ kó tó dá a padà. Lórí títì tó tẹ́jú, ó ṣì sàn ju taya tó há lọ, àmọ́ awakọ̀ tó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ bíréèkì dé ẹnu ààlà á borí rẹ̀.

Ìkejì ni òkúta wẹ́wẹ́ àti yẹ̀pẹ̀ títú. Níbẹ̀, taya tó há máa ń kó yẹ̀pẹ̀ jọ síwájú ara rẹ̀, yẹ̀pẹ̀ náà á sì bá a dá mọ́tò dúró. ABS kì í jẹ́ kí ó kó o jọ, nítorí náà mọ́tò á rìn jìnnà sí i kó tó dúró. Ẹni tó ń to mọ́tò fún ọ̀nà ilẹ̀ pupa, irú èyí tó wọ inú oko láti Òṣù títí dé agbègbè Ìjẹ̀bú-Ìjẹ̀ṣà, ní ìdí gidi láti fẹ́ bọ́tìnnì tó lè pa ABS. Bọ́tìnnì là ń wí o, kì í ṣe yíyọ. Ìkìlọ̀ EBD tá a sọ lókè wà fún bọ́tìnnì náà, nítorí tó bá gé iná gbogbo kọ̀ǹpútà náà, EBD á bá a lọ.

Ìkẹta ló ń dẹ́rù ba awakọ̀ jù, ó sì tọ́ ká dúró lé e lórí. Ẹ ń sáré bọ̀, ẹ fi agbára gbá bíréèkì mọ́lẹ̀, ó le gbagidi lábẹ́ ẹsẹ̀ yín bí òkúta, mọ́tò kò sì dúró. Ọ̀pọ̀ á sọ pé bíréèkì já. Kò já. Kọ̀ǹpútà ló gbà pé orí yìnyín lẹ wà. Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí: ẹ tẹ bíréèkì lójijì kí ìwúwo tó rọ́ síwájú, tàbí taya kan gbéra lórí gáloòpù bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Taya tó wà lófuurufú á há lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. ABS tí wọ́n ṣe fún ojú títì kò mọ̀ pé taya lè wà lófuurufú. Ohun tó mọ̀ ni pé ilẹ̀ kan ṣoṣo tí taya ti lè há báyìí kíákíá ni ilẹ̀ tó ń yọ̀ gan-an, nítorí náà á pa fáàfù dé, á sì máa dá agbára padà díẹ̀díẹ̀.

Ohun tó máa ń fà á nínú mọ́tò tí wọ́n tò nílé ni kóìlì àti ṣọ́ọ̀kì tó le jù, tí taya fi ń fò lórí gáloòpù. Ó tún lè jẹ́ bíréèkì pádì tó ń mú lójijì jù, tàbí taya iwájú tí ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn. Àtúnṣe rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ látinú ohun tó fà á. Ẹ dín líle ṣọ́ọ̀kì kù. Ẹ lo taya tó dọ́gba yíká, ìwọ̀n kan náà, irú kan náà. Kí awakọ̀ sì kọ́ láti tẹ bíréèkì ní ìpele méjì: kó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí imú mọ́tò tẹ̀ síwájú, lẹ́yìn náà kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tó bá ti ṣẹlẹ̀ tán, ẹ gbẹ́sẹ̀ pátápátá fún ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ìgbà kan ṣoṣo tí a lè sọ fún ènìyàn pé kó gbẹ́sẹ̀ nìyẹn.

Kí ẹ tó dá a lẹ́bi, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò

Ọ̀pọ̀ ABS tí wọ́n ń yọ dànù kò bàjẹ́. Sẹ́ńsọ̀ tàbí òrùka rẹ̀ ló ní àléébù, owó tí wọ́n á sì fi tún un ṣe sábà máa ń kéré sí ohun tí yíyọ rẹ̀ dáadáa á ná wọn.

Mọ́tò tòkunbọ̀ tó ti Kánádà tàbí àríwá Amẹ́ríkà wá ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, nítorí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì wọn nígbà òtútù máa ń jẹ òrùka eléyín títí á fi sán. Àmì rẹ̀ kì í farasin: bí ẹ bá ti fẹ́ dúró pátápátá, ní eré kílómítà 10 tàbí 15 ní wákàtí kan, ABS á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láìnídìí. Eyín kan tó sọnù ni kọ̀ǹpútà ń kà sí taya tó fẹ́ há. Ẹ fi jáàkì gbé mọ́tò, ẹ gbé e lé ìdúró tó dájú, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo òrùka náà yípo.

Tó bá jẹ́ bẹ́árìn onímágínẹ́ẹ̀tì, ojú kan ṣoṣo ni mágínẹ́ẹ̀tì wà, ojú yẹn ló sì gbọ́dọ̀ kọjú sí sẹ́ńsọ̀. Mẹkáníìkì tó bá lu bẹ́árìn wọlé ní òdìkejì ti pa ABS yẹn, bẹ́árìn á sì máa ṣiṣẹ́ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é. Kí ẹ tó fi bẹ́árìn tuntun wọlé, ẹ mú abẹ́rẹ́ tàbí irin tín-ínrín sún mọ́ ojú rẹ̀ méjèèjì. Ojú tó bá fà á ni ti sẹ́ńsọ̀. Tí kò bá sí ojú tó fà á, bẹ́árìn mọ́tò tí kò ní ABS ni wọ́n tà fún yín.

Sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ tó ní wáyà méjì, tí kò gba iná láti ibì kankan, ni rewáyà lè fi mítà iná wò. Ohun tí mítà á kà sábà máa ń wà láàárín ohm 800 sí 2,000, ti òsì àti ti ọ̀tún sì gbọ́dọ̀ súnmọ́ ara wọn. Tí ẹ bá fọwọ́ yí taya, ó yẹ kó mú iná díẹ̀ jáde. Sẹ́ńsọ̀ òde òní ń gba iná láti ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹ má fi mítà wọn ohm rẹ̀. Sìkánà, ẹ̀rọ tó ń bá kọ̀ǹpútà mọ́tò sọ̀rọ̀, ni kí ẹ fi wò ó: ẹ wa mọ́tò ní tààrà ní kílómítà 30 ní wákàtí kan, kí ẹ wo òǹkà eré taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tó bá yàtọ̀, tàbí tó ń ṣẹ́jú lọ sódo, ni àléébù wà. Ẹrọ̀fọ̀ àti ìdọ̀tí irin tó lẹ̀ mọ́ ojú sẹ́ńsọ̀ náà lè fà á, pàápàá lásìkò òjò. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ nù ún.

Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ tún ní ọ̀nà kẹta: ABS tó dára ju ti mọ́tò rẹ̀ lọ. Bosch ń ṣe èyí tó jẹ́ ti ìdíje gan-an, tí awakọ̀ lè fi bọ́tìnnì yan bí yóò ṣe ṣiṣẹ́. Ọ̀wọ́n ni. Lókè òkun, ọ̀pọ̀ tó ń to mọ́tò nílé máa ń yọ ABS kan tí wọ́n ń pè ní Teves Mk60 láti inú mọ́tò BMW E46, torí pé ó yára, ó sì ń fara da eré. Ó nílò ẹni tó lè tún kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọ kó lè bá ìwọ̀n mọ́tò tuntun mu. Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nítòsí yín, ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Tí ẹ bá pinnu láti yọ ọ́

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa wá ni àwòrán bí páìpù bíréèkì mọ́tò yín ṣe pín. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tí ẹńjìnnì rẹ̀ ń wa taya iwájú ni wọ́n pín ní ìdábùú: ojú kan mástà ń bọ́ iwájú ọ̀tún àti ẹ̀yìn òsì, ojú kejì ń bọ́ iwájú òsì àti ẹ̀yìn ọ̀tún. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí taya iwájú kan ṣì lè mú bíréèkì bí apá kan bá jò. Ẹni tó bá so páìpù ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ mọ́ fáàfù kan ṣoṣo nínú irú mọ́tò yìí ti so ojú mástà méjèèjì pọ̀. Tí ibì kan bá jò, bíréèkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀nà tó rọrùn jù, tó sì dára jù lójú tiwa, ni kí ẹ wá mọ́tò kan náà, ọdún kan náà, tí kò ní ABS láti ilé-iṣẹ́. Ẹ ra mástà rẹ̀ àti proportioning valve rẹ̀ pọ̀, ní Ladipọ̀ l'Ékòó tàbí lọ́dọ̀ ẹni tó ń tú mọ́tò tà. Àwọn tó ṣe mọ́tò ti ṣírò ìyẹn fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mọ́tò tó ní gbogbo àga rẹ̀ ni wọ́n ṣírò ó fún. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ tún páìpù pín kí ojú kan mástà jẹ́ ti iwájú méjèèjì, ojú kejì ti ẹ̀yìn méjèèjì, kí ẹ wá fi proportioning valve tó ṣeé yí lọ́wọ́ sójú ọ̀nà ti ẹ̀yìn. Sójú ọ̀nà ti ẹ̀yìn nìkan o. Tí ẹ bá fi sí ti iwájú, ohun tí ẹ ń sá fún gan-an lẹ ti dá sílẹ̀. Kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò pé ojú mástà tó ń bọ́ iwájú lè gbé ọ́ìlì tó tó fún kálípà (ẹ̀rọ tó ń fún pádì mọ́ díìsìkì) méjì, torí pé kálípà iwájú máa ń gba ọ́ìlì ju ti ẹ̀yìn lọ.

Páìpù bíréèkì tó wọ́pọ̀ jẹ́ mìlímítà 4.75. Ẹ lo irin tàbí bàbà tí wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì lú. Ẹ má lo bàbà ẹ̀rọ amúlétutù. Bí ó bá ń gbọ̀n, á le, á sì sán lójijì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná jó páìpù bíréèkì pọ̀. Ẹnu páìpù mọ́tò Japan sábà máa ń jẹ́ èyí tí wọ́n ká lẹ́ẹ̀mejì, ti mọ́tò Jámánì sábà máa ń rí bíi róbótó. Nọ́ọ̀tì kan lè wọ méjèèjì, ṣùgbọ́n tí ẹ bá pa wọ́n pọ̀, á jò bí agbára bá pọ̀ nínú rẹ̀. Tí ẹ bá tò ó tán, ẹ tan ẹńjìnnì, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, kí ẹlòmíràn sì máa fi tíṣù gbígbẹ nu ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Tíṣù kì í purọ́.

Ẹ má gbàgbé pé nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, sẹ́ńsọ̀ ABS yìí náà ló ń sọ eré fún dáṣíbọ́ọ̀dù, fún jíà ọ̀tọ́mátíìkì àti fún kọ̀ǹpútà ẹńjìnnì. Tí ẹ bá yọ ọ́, ọwọ́ òǹkà eré lè kú, jíà sì lè má wọlé bó ṣe yẹ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rewáyà kí ẹ tó gé wáyà kankan.

Yíyí fáàfù náà síbi tó yẹ

Ifẹ̀ àti Iléṣà kò ní pápá tí wọ́n ṣe fún eré mọ́tò. Títì Ifẹ̀ sí Iléṣà kì í ṣe pápá, ọ̀nà inú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ náà kì í ṣe pápá. Ẹ wá àyè ọ̀dà tó fẹ̀, tó tẹ́jú, tó ní onílẹ̀, kí onílẹ̀ fún yín láṣẹ, kí ó má sì sí ènìyàn níbẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáàfù níbi tó ti dín ti ẹ̀yìn kù jù. Kí ẹnì kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, jìnnà dáadáa, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa wo taya. Ẹ sá kílómítà 40 ní wákàtí kan, ẹ tẹ bíréèkì títí taya á fi há. Ti iwájú ló gbọ́dọ̀ há. Ẹ yí fáàfù díẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo kan, kí ẹ tún ṣe é. Níbi tí ti ẹ̀yìn bá ti há ṣáájú tàbí pọ̀ mọ́ ti iwájú, ẹ yí i padà tó ìdajì ìyípo. Lẹ́yìn náà ẹ tún un ṣe ní kílómítà 60, torí pé ohun tó pé ní 40 lè má pé ní 60.

Ìgbà tí ilẹ̀ bá gbẹ nìkan ni kí ẹ ṣe é, pẹ̀lú taya tó di ilẹ̀ mú jù nínú èyí tí ẹ ní, tí epo sì kù díẹ̀ nínú táǹkì tó bá wà lẹ́yìn. Ìdí rẹ̀ ni pé lórí ilẹ̀ tútù, mọ́tò kì í dúró kíákíá, nítorí náà ìwúwo díẹ̀ ló ń rọ́ síwájú, ẹ̀yìn sì ń gba bíréèkì sí i. Ẹni tó bá yí fáàfù nígbà òjò á rò pé ó pé. Bí ilẹ̀ bá gbẹ lọ́jọ́ kejì, ìdí mọ́tò á ṣáájú. Èyí tí ẹ yí nígbà ilẹ̀ gbígbẹ á ṣì jẹ́ kí taya iwájú kọ́kọ́ há nínú òjò, èyí tó sàn. Tí ẹ bá ti rí ibi tó yẹ, ẹ fi nọ́ọ̀tì ìdè rẹ̀ mú un, ẹ fi kún funfun sàmì sí i. Bí ẹ bá pààrọ̀ taya, pádì, tàbí kóìlì, ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì

Bóyá ẹ yọ ABS tàbí ẹ fi sílẹ̀, ọ́ìlì àtijọ́ á bà á jẹ́ fún yín. Ọ́ìlì bíréèkì tí wọ́n ń pè ní DOT 3, tó bá jẹ́ tuntun, máa ń hó ní bíi 205 lórí ìwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n tó bá ti fa omi sára, á hó ní 140. DOT 4 jẹ́ 230 àti 155. DOT 5.1 jẹ́ 260 àti 180. Bó bá hó, afẹ́fẹ́ ló wà nínú páìpù, bíréèkì á wọlẹ̀ dé ìsàlẹ̀ láìmú nǹkan kan. Ọ́ìlì tó ti lo ọdún kan nínú ọ̀rinrin apá ibí yìí kì í ṣe ọ́ìlì eré mọ́. Ẹ má da DOT 5 sínú mọ́tò tó ní ABS, torí sìlíkóònù ni, kò bá àwọn mìíràn pò, ó sì máa ń di afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ mú. Agolo tí ẹ ti ṣí ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ẹ má dà á sínú rẹ̀.

Tí afẹ́fẹ́ bá wọnú ẹ̀rọ ABS, fífa rẹ̀ láti taya nìkan kò ní kó o tán. Sìkánà ló ń pàṣẹ fún pọ́ǹpù láti ṣiṣẹ́ kí afẹ́fẹ́ ọ̀hún jáde. Bí kò bá sí sìkánà, ẹ fa á bó ti yẹ, ẹ lọ sórí yẹ̀pẹ̀ tó ṣófo, ẹ tẹ bíréèkì kí ABS ṣiṣẹ́ nígbà mélòó kan, kí ẹ tún padà wá fa á.

Tó bá jẹ́ pé mọ́tò eré yín náà ló ń gbé yín lọ sí Lágere lọ ra nǹkan, tàbí tó ń bá òjò pàdé ní ọ̀nà Ìpetumodù lóru, ẹ fi ABS rẹ̀ sílẹ̀, a kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lórí ìyẹn. Tó bá sì jẹ́ pé orí pápá nìkan ló ń sá, tí ẹ ti yọ ọ́ tán, ẹ lẹ ìwé mọ́ iwájú awakọ̀ pé "KÒ SÍ ABS". Ẹni tí ẹ bá yá mọ́tò náà á tẹ bíréèkì bó ṣe ń tẹ ti mọ́tò ilé rẹ̀, ó sì yẹ kó mọ̀ kó tó jókòó.